Àbàwọ́n tó takú sójú sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà: ẹ̀yin onífọ́tò Ìbàdàn, ẹ bá mi dá sí i

Fọ́tò Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan, full-frame (sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, tóbi tó fíìmù mìlímítà 35), irú DSLR tó ní jígí nínú. Gbogbo òde ìgbéyàwó tí mo fi yà, oníbàárà kankan ò fẹ̀sùn kàn mí. Àfi ìgbà tí mo gun Òkè Àrẹ̀ lọ sí Bower's Tower láti ya òrùlé páànù ìlú wa. Mo fún ihò lẹ́ǹsì pa dé f/16 (bí nọ́mbà f/ bá ṣe ń tóbi ni ihò ń kéré) kí gbogbo rẹ̀ lè hàn ketekete, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé Cocoa House. Páànù dára, ilé dára. Ojú ọ̀run ni ẹ má wò: àmì dúdú, roboto roboto, káàkiri.

Mo pààrọ̀ lẹ́ǹsì, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n wà. Mo tẹ "clean sensor" nínú mẹ́nù, kámẹ́rà gbọ̀n díẹ̀, kò sí ohun tó yàtọ̀. Mo fi blower (rọ́bà tí a ń fọwọ́ fún kí afẹ́fẹ́ jáde) fẹ́ ẹ, díẹ̀ lọ, àwọn tó kù ò mira. Ẹnì kan ní kí n lọ ra spirit ní kẹ́míìsì kí n fi òwú ìnutí nù ún. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ni ṣíṣe?

Àǹtí Bódìjà

Ọkàn rẹ ló bá ọ sọ òótọ́ yẹn, àbúrò. Spirit kẹ́míìsì, ti abẹ́rẹ́ àti ojú ọgbẹ́ ni. Omi wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tún po nǹkan mìíràn mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ di ọtí. Tó bá gbẹ tán, ohun tó máa fi sílẹ̀ lójú gíláàsì yẹn, wàá wá máa wá eruku àkọ́kọ́ tì. Òwú ìnutí ńkọ́? Fọ́nrán rẹ̀ á yọ sínú kámẹ́rà, o ò ní mọ èyí tí wàá kọ́kọ́ lé.

Má fi ẹnu fẹ́ ẹ o. Itọ́ ló ń bá èémí jáde, bó ti wù kó kéré mọ. Agolo atẹ́gùn tí àwọn oníkọ̀ǹpútà fi ń fẹ́ kíbọ́ọ̀dù náà, má jẹ́ kó débẹ̀: kẹ́míkà inú rẹ̀ lè tú jáde ní olómi, tútù nini, kó lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbéèrè tèmi rèé: f/ mélòó lo fi ń ya òde?

Fọ́tò Mọ́kọ́lá

f/2.8 ni, àǹtí. Inú gbọ̀ngàn máa ń ṣókùnkùn. Ṣé wọ́n ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí tí mi ò mọ̀ ni?

Ọmọ Físíìsì

Wọ́n wà níbẹ̀. Eruku kì í bà lé sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú rẹ̀ tó ń dènà ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú wa ò lè rí. Orí gíláàsì yẹn ni eruku ń jókòó sí. Ẹ jẹ́ ká ní àlàfo àárín eruku àti sẹ́ńsọ̀ tó mìlímítà 2. Ní f/2.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ bá ojú kan ṣoṣo lórí sẹ́ńsọ̀ máa fẹ̀ tó mìlímítà 0.7 níbi tó ti ń gba ojú gíláàsì kọjá. Ní f/22, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju 0.09 lọ. Ẹ wá gbé eruku tó jẹ́ mìlímítà 0.05 sí ojú ọ̀nà. Ní f/2.8, kò lè dí tó ìdá 1 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ náà. Ní f/22, á dí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Eruku kan náà ni o.

Tí ẹ bá na ọwọ́ sábẹ́ gílóòbù gígùn inú yàrá, òjìji rẹ̀ lára ògiri á ṣú bàìbàì. Ẹ nà án síwájú iná tọ́ọ̀ṣì kékeré, ìka márààrún á yọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí eruku iwájú lẹ́ǹsì kì í fi ya àmì roboto sí fọ́tò. Ó jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ jù.

Ọ̀gá Dáàkúrúùmù

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tiwa, fíìmù ń yí lọ ni; eruku tó bá bà lé fọ́tò kan, ó bá fọ́tò yẹn lọ. Tiyín wá jókòó sójú kan, ó ń jẹ nínú gbogbo iṣẹ́.

Wàràwàrà là ń yọ oró iná, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe iná. Kí Mọ́kọ́lá tó ra ohunkóhun, kó kọ́kọ́ mọ irú àmì tó wà lójú rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń nu gíláàsì nítorí ohun tí nínù ò lè mú kúrò.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò: ISO (bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó) 100, f/22. Yí fókọ́ọ̀sì kúrò lójú ohun tí o ń yà kí àwòrán rú pátápátá. Dojú kọ ohun funfun tí kò ní àmì lára. Bébà funfun dára, ojú kọ̀ǹpútà tó funfun náà dára, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti bo ojú ọ̀run báyìí, kí lo tún ń wá? Ojú sánmọ̀ Ìbàdàn funfun bí aṣọ lásìkò yìí, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, jẹ́ kó gbọ̀n. Kódà mi kámẹ́rà nígbà tó ń yà, kí ohun tó wà níta má baà dà bí àmì. Eruku ò ní bá ọ mì.

Ya méjì: ọ̀kan ní f/22, èkejì ní f/5.6. Gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, ká má wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Fa contrast (ìyàtọ̀ àárín dúdú àti funfun) sókè dáadáa.

Tí o bá rí nǹkan nínú ihò tí o ń gbà wò, tí kò sì sí nínú fọ́tò, fi í lẹ̀. Orí jígí tàbí orí gíláàsì òkè rẹ̀ nìyẹn wà, kò kan iṣẹ́ rẹ. Fẹ́ ẹ ní blower tí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n ìka tàbí aṣọ ò gbọ́dọ̀ kan jígí yẹn. Ohun tó ń dán lójú rẹ̀ wà níta gbangba ni, ó yá ha.

Atúnkámẹ́ràṣe Dùgbẹ̀

Ọ̀gá ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi tì í. Àwòrán méjèèjì yẹn ló máa bá ọ ṣẹjọ́.

Àmì tó ṣú díẹ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ rọ̀, tàbí tó rí bíi fọ́nrán tó ká kò: eruku gbígbẹ nìyẹn. Blower tàbí búrọ́ọ̀ṣì á mú un.

Àmì tó yípo rédérédé, tí àárín rẹ̀ dúdú tí òrùka fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yí i ká: epo ni tàbí omi tó gbẹ síbẹ̀. Epo inú ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé níwájú sẹ́ńsọ̀) ló máa ń ta sí i. O lè fi blower fẹ́ ẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò lọ. Olómi ló ń mú un. Ẹ má sì rò pé kámẹ́rà àtijọ́ nìkan ló ń ṣe é. Nikon D600 jáde lọ́dún 2012, àwọn tó rà á ń rí àmì yìí púpọ̀ ní igun òkè lápá òsì. Ní Oṣù Kejì 2013 ilé iṣẹ́ náà gbé ìkéde jáde nípa rẹ̀, D610 tẹ̀lé e ní Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tó di 2014 wọ́n ní àwọn á máa pààrọ̀ ṣọ́tà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmì tó ní ẹ̀ka, tó ń ya bí gbòǹgbò: fungus, ohun tó ń hù níbi tó lọ́rinrin. Kámẹ́rà tó ti pẹ́ nínú báàgì lásìkò òjò ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nínù nìkan ò tó fún ìyẹn, ó máa ń padà wá tí ibi tí o ń kó o sí bá ṣì lọ́rinrin.

Ẹyọ kékeré kan tó pupa, tó láwọ̀ ewé tàbí tó funfun, tó rí bákan náà ní f/2.8 àti ní f/22: ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Píksẹ́lì kan (ẹyọ ojú kékeré kan lára sẹ́ńsọ̀) ló ti bàjẹ́. Wo mẹ́nù bóyá pixel mapping wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà á fojú fo píksẹ́lì yẹn, á fi àwọ̀ àwọn tó yí i ká dí i.

Èyí tó le jù ni àmì dúdú kékeré tí ẹgbẹ́ rẹ̀ mú, tó sì ṣì hàn gbangba ní f/5.6. Tí o bá rí irú ẹ̀, pe mí kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Àǹtí Bódìjà

Ẹ fi ti laser kún un, ọ̀gá. Iná aláwọ̀ ewé tí àwọn DJ ń jó kiri gbọ̀ngàn, tó bá wọ lẹ́ǹsì tààrà, ó lè jó sẹ́ńsọ̀. Wàá rí ìlà tàbí àmì aláwọ̀ tó dúró gbọin, kò sí swab (ọ̀pá pẹlẹbẹ tí wọ́n wé aṣọ mọ́ lẹ́nu láti fi nu sẹ́ńsọ̀) tó ń nu ìyẹn. Tí mo bá ti rí laser lóde, mo máa ń bi DJ ibi tó dojú ẹ̀ kọ kí ìyàwó tó wọlé. Wọ́n á ní mo ń ṣàṣejù. Kí wọ́n máa wí.

Èéfín gbọ̀ngàn náà ńkọ́, èyí tí ẹ̀rọ ń tú jáde nígbà ijó àkọ́kọ́? Ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì láàárín rẹ̀. Ẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Fọ́tò Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yà á. Ní f/5.6, ó kù díẹ̀ kó mọ́, àfi ẹyọ kan lókè lápá ọ̀tún tó ṣì ń wò mí. Ní f/22, ẹ gbà mí o! Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló yípo tó ní òrùka. Fọ́nrán kan náà wà nísàlẹ̀.

Tí mo bá tú lẹ́ǹsì, ibo gan-an ni kí n máa wá wọn sí?

Ọmọ Físíìsì

Lẹ́ǹsì máa ń dojú àwòrán dé. Tí o bá kọjú sí sẹ́ńsọ̀ láti iwájú, òkè fọ́tò ti di ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ti di òkè. Ṣùgbọ́n òsì fọ́tò ṣì wà ní òsì rẹ. Àmì tó wà lókè lápá ọ̀tún, wá a sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ máa ń yí òsì náà padà, wọ́n á wá máa nu ibi tó mọ́.

Ẹyẹ Agodi

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀, ẹyẹ ni mò ń yà ní Agodi, mo sì ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú igbó. Ọ̀pá gẹ́ẹ̀lì ni tèmi, èyí tó ń lẹ̀ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. O tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì jẹ́jẹ́, o gbé e kúrò, o tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà rẹ̀ tó ń gba eruku lára ẹ̀, o tún tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀. Kò sí omi, kò sí fífà. Pentax ti ń ta tiwọn tipẹ́, O-ICK1 lorúkọ rẹ̀. Mi ò rí ìdí tí ẹ fi ń dá ọmọ yìí lágara pẹ̀lú olómi.

Atúnkámẹ́ràṣe Dùgbẹ̀

Ẹyẹ Agodi, fún eruku àti fọ́nrán, ohun tí o sọ dáa. Fún epo, rárá. Ọ̀pá yẹn á gbé epo níhìn-ín, á lọ tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀hún. Búrọ́ọ̀ṣì náà bẹ́ẹ̀: tí ẹnu rẹ̀ bá ṣèèṣì kan ẹ̀gbẹ́ ihò kámẹ́rà níbi tí gírísì wà, á gbé e lọ sójú sẹ́ńsọ̀, ìlà tó máa fà síbẹ̀ gùn ju àmì tí o ń lé lọ. Àwọn ayédèrú ọ̀pá gẹ́ẹ̀lì tún wà lọ́jà tó ń fi èérí ara wọn sílẹ̀ lójú gíláàsì.

Ẹyẹ Agodi

Ó yé mi. Ẹyẹ kì í ní gírísì.

Kò-Kàn-Mí

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ wọ Lightroom, áàpù tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ pa àmì rẹ́, ẹ jẹun, ẹ sùn.

Àǹtí Bódìjà

Tí fọ́tò bá jẹ́ ẹyọ kan, mo gbà. Ṣé ẹ ti ya gbogbo kíláàsì tó ń gba oyè ní UI rí, lọ́sàn-án gangan, níta, ní f/11, kí àmì méjìlá wà lójú ọ̀run lókè orí olúkúlùkù? Ẹ wá máa pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ wá sọ fún mi bí oorun ṣe rí.

Tó bá jẹ́ díẹ̀ ló kù, ẹ lo "Visualize Spots". Ó ti wà nínú Lightroom láti ẹ̀dà 5, lọ́dún 2013. Ó ń sọ àwòrán di dúdú àti funfun kí àmì lè yọ síta. Ẹ pa wọ́n rẹ́ lára fọ́tò kan, kí ẹ wá da ìyẹn lé àwọn tó kù lẹ́ẹ̀kan náà nípa sync. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ojú ọ̀run ló wà níbi kan náà nínú gbogbo wọn, ó ń ṣiṣẹ́. Tí ojú èèyàn bá bọ́ sí ibẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kó má lọ fi fìlà dí imú.

Fọ́tò Mọ́kọ́lá

Ó yé mi. Olómi ni mo fẹ́ ṣe. Ọ̀gá Dùgbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á fún mi bí ẹni tí kò ṣe é rí.

Atúnkámẹ́ràṣe Dùgbẹ̀

Ó dáa. Kọ́kọ́ lọ gba bátìrì sí iná kó kún fọ́fọ́. Má fojú kékeré wo èyí. Inú mẹ́nù lo máa lọ, sí "clean manually" tàbí "lock mirror up for cleaning", jígí á gbéra, ṣọ́tà á ṣí, iná bátìrì ló sì ń dì wọ́n mú lókè. Tí bátìrì bá kú nígbà tí swab wà nínú, jígí á já lù ú, ṣọ́tà á pa dé mọ́ ọn. Má lo Bulb rọ́pò rẹ̀. Bọ́tìnnì lásán lo fi ń ṣí ìyẹn, tí ìka bá ti yẹ̀, ó parí.

Swab: èyí tó fẹ̀ tó gíga sẹ́ńsọ̀ rẹ ni o fẹ́. Full-frame jẹ́ mìlímítà 24 ní gíga, nítorí náà swab 24. Àwọn tó ní APS-C (sẹ́ńsọ̀ tó kéré ju full-frame lọ) ń ra 16. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í lọ́kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ti já. Èyí tí wọ́n ti tú tí wọ́n ń tà lẹ́yọlẹ́yọ, má rà á, iye yòówù kó jẹ́. Omi rẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀. Eclipse tí ọ̀pọ̀ mọ̀ yẹn, methanol ni. Oró ni, ó sì ń gbiná. Kó má sí lọ́wọ́ ọmọdé, kí o má sì ṣe é nítòsí kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ń jó.

Kọ́kọ́ fi blower fẹ́ ẹ, kí o dojú ihò kámẹ́rà kọlẹ̀ kí ohun tó bá tú lè já bọ́ síta. Ẹnu blower ò gbọ́dọ̀ wọlé ju etí ihò lọ. Ìdí tí a fi ń ṣe èyí ṣáájú ni pé tí yanrìn kan bá wà níbẹ̀ tí o sì fi swab fà á, o ti ha gíláàsì nìyẹn.

Omi: ẹ̀kán méjì sí ẹnu swab. Méjì. Dúró díẹ̀ kó rìn yí ẹnu rẹ̀ ká. Tó bá ń kán, ó ti pọ̀ jù, ìyẹn ló ń fa ìlà omi. Gbé e sí etí kan, dà á síwájú díẹ̀ lọ́nà tí o máa fà á lọ, fà á tààrà dé etí kejì láìdúró, pẹ̀lú agbára tí o fi ń kọ̀wé pẹ́ńsù. Yí i padà, ẹ̀gbẹ́ kejì tí kò tíì kan nǹkan ni kó kan gíláàsì, fà á padà wá sí ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Ju swab náà nù. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ó ṣì mọ́. Ìdọ̀tí ti wà ní etí rẹ̀.

Pa kámẹ́rà kí jígí sọ̀kalẹ̀, dé e, ya ìdánwò f/22 mìíràn. Epo tó ti pẹ́ kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ á rọ̀ ọ́, èyí tó tẹ̀lé e á gbé e. Àmọ́ tí swab tuntun kan bá kọjá tí àmì kan ò yí padà rárá, tí kò fẹ̀ sí i tí kò sì dín kù, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni gíláàsì ti ń ha.

Ọ̀gá Dáàkúrúùmù

Ibi tí o máa ti ṣe é náà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá sì gbẹ ni iná mànàmáná inú nǹkan gbígbẹ ń pọ̀, gíláàsì á wá máa fa eruku mọ́ra. Bó o nù ún lónìí tí o ṣílẹ̀kùn, ó ń pè é padà ni. Gbá ilẹ̀ lánàá, kì í ṣe lónìí. Wọ́n omi sílẹ̀ bí ìyá rẹ ti ń ṣe kó tó gbá àgbàlá, kí eruku lè jókòó. Pa fáànù, ti fèrèsé, jẹ́ kí yàrá náà dákẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mélòó kan. Bó bá ṣeé ṣe, ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán dára ju pálọ̀ lọ, ooru omi yẹn ti mú eruku balẹ̀. Má wọ aṣọ onírun.

Kí ó sì jẹ́ ojúmọmọ. NEPA lè mú iná lọ nígbà tí swab wà lágbede méjì, ọwọ́ rẹ á wá dúró sínú òkùnkùn.

Ọmọ Físíìsì

Ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ gbígbọ̀n inú mẹ́nù yẹn náà. Olympus E-1 ló kọ́kọ́ gbé e dé, lọ́dún 2003. Canon fi sí 400D lọ́dún 2006. Ìgbọ̀nrìrì kíákíá ló fi ń gbọn eruku gbígbẹ kúrò lójú gíláàsì. Ẹ gbé kámẹ́rà lélẹ̀ bó ṣe ń dúró lórí tábìlì nígbà tó bá ń ṣe é, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ohun tó ń mú eruku sí nínú ọ̀pọ̀ wọn. Epo ò gbọ́ èdè yẹn.

Fọ́tò Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àdúrótì o. Mo ṣe é láàárọ̀ yìí, ilé ìwẹ̀ ni mo lò, àbúrò mi ò mọ ìdí tí mo fi ní kó wẹ̀ kíákíá. Fọ́nrán bá blower lọ. Àwọn olórùka, swab àkọ́kọ́ sọ wọ́n di bàìbàì, èyí tó tẹ̀lé e kó wọn. Ojú ọ̀run mọ́ lónìí!

Ṣùgbọ́n ẹyọ tó wà lókè lápá ọ̀tún, kò gbọ́ tèmi. Ó wà ní f/22, ó wà ní f/8, ó wà ní f/5.6. Dúdú, ẹgbẹ́ rẹ̀ mú. Swab kọjá lórí rẹ̀, kò tilẹ̀ yẹ̀. Mo dá ọwọ́ dúró bí ẹ ti wí.

Atúnkámẹ́ràṣe Dùgbẹ̀

O ṣe é bó ṣe yẹ. Ohun tí mo fura sí nìyẹn: kò sí lójú gíláàsì, abẹ́ rẹ̀ ló wà. Ọmọ Físíìsì ti ṣàlàyé rẹ̀ láìmọ̀. Bí nǹkan bá ṣe sún mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ni òjìji rẹ̀ ṣe ń mú tó, ìdí nìyẹn tí ihò gbígbòòrò ò fi lè pa á rẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti tú gíláàsì náà rí kí wọ́n tó kó o wá sí Nàìjíríà, eruku wá wọbẹ̀ nígbà tó ń dì í padà.

Ẹni tó bá ní òun á ṣí gíláàsì yẹn fún ọ lórí tábìlì ọjà, kí o kí i kí o máa lọ. Yàrá tí kò ní eruku rárá ni wọ́n ti ń ṣe é, tí wọn ò bá sì dá gíláàsì padà sí ojú ibi tó wà gan-an, fókọ́ọ̀sì kámẹ́rà náà ò ní jóòótọ́ mọ́. Èmi fúnra mi kì í ṣe é. Kí wọ́n pààrọ̀ odindi sẹ́ńsọ̀ ńkọ́? Fún tòkunbọ̀, owó yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíràn.

Ọ̀gá Dáàkúrúùmù

Kó máa lò ó. Òkè lápá ọ̀tún, kì í ṣe àárín. Tó bá ń ya fọ́tò ìdúró, kó má kàn yí kámẹ́rà bó ṣe mọ́ ọn lára. Tó bá yí i sí apá kan, àmì yẹn á bọ́ sí òkè, níbi tí orí àti ojú ọ̀run wà. Tó bá yí i sí apá kejì, á bọ́ sísàlẹ̀, sínú àṣọ̀kè tàbí sórí kápẹ́ẹ̀tì, ta ló máa rí i níbẹ̀? Kó dán méjèèjì wò lẹ́ẹ̀kan kó mọ èyí tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó sì máa yí i síbẹ̀ nígbà gbogbo.

Àǹtí Bódìjà

Ọ̀gá, ẹ ò ní kú kékeré. Mọ́kọ́lá, wo mẹ́nù rẹ náà: Canon ní Dust Delete Data, Nikon ní Image Dust Off. Wàá ya ohun funfun kan, kámẹ́rà á rántí ibi tí àmì wà, áàpù kọ̀ǹpútà tiwọn á wá pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Áàpù tiwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n lò o, Lightroom ò mọ̀ ọ́n.

Fọ́tò Mọ́kọ́lá

Mo ti rí apá tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọ̀gá. Kí ọwọ́ ọ̀tún wà lókè ni mo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló ń gbé e lọ sójú ọ̀run. Ọwọ́ ọ̀tún sísàlẹ̀ ló kàn báyìí. Ó ṣàjèjì, ṣùgbọ́n á mọ́ mi lára.

Ọmọ Challenge

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí. Mirrorless ni tèmi, kò ní jígí, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sì ń rìn fúnra rẹ̀ láti dènà ọwọ́ gbígbọ̀n. Ṣé bákan náà ni?

Atúnkámẹ́ràṣe Dùgbẹ̀

Swab kan náà, omi kan náà. Ṣùgbọ́n rí i pé inú mẹ́nù ìmọ́tótó lo wà kí o tó fọwọ́ kàn án, ka ìwé ilé iṣẹ́ bó bá ń di sẹ́ńsọ̀ mú tàbí kò dì í. Èyí tó bá ń fò lọ fò bọ̀, ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, má tì í.

Tí o bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì: pa á, dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí lẹ́ǹsì kejì ti wà lọ́wọ́ rẹ kó o tó tú ti àkọ́kọ́. Àwọn kan wà, bíi Canon EOS R, tó ń pa ṣọ́tà dé tí o bá ti pa iná rẹ̀. Tìrẹ ńkọ́? Kọ orúkọ rẹ̀ síbí.

Ọmọ Challenge

Mi ò tíì rà á, ọ̀gá. Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ wò ó. Tòkunbọ̀ ni òun náà.

Fọ́tò Mọ́kọ́lá

Mú bébà funfun dání. f/22 àti f/5.6, níwájú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lápò rẹ. Má gbà kó fi ẹ̀yìn kámẹ́rà hàn ọ́, ní kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà.